Àkùkọ Tó Ń Ṣojú Dirẹ́tọ̀

Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ ohun tí ojú rí ní Tchamba fún yín. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹun tán, torí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìyẹ ni, ìgbẹ́ gbuuru sì ni pẹ̀lú.

Dirẹ́tọ̀ kan wà. Àlàsàn Ọláyíwọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kambolé ni, ṣùgbọ́n ẹ má pe orúkọ yẹn lásán lójú rẹ̀ o. Bí ẹ bá ní "Mùsíè Àlàsàn", kò ní gbọ́. Bí ẹ bá ní "Dirẹ́tọ̀", á gbọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá wá ní "Dirẹ́tọ̀ Àgbà, Baba Adìyẹ, Alábòójútó Ẹyin àti Ìyẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Tchamba", ìgbà yẹn ni yóò rọra yí orí padà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, tí yóò ní, "Ta ló ń pè mí?"

Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń darí kò ju yàrá kan àti ìloro lọ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bójú tó àwọn tó ń sin adìyẹ òyìnbó ní agbègbè náà. Tábìlì kan wà níbẹ̀, fáànù kan tó máa ń yí nígbà tó bá wù ú, àti àwòrán ńlá kan lára ògiri: Dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé ẹyin kan sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló yé e.

Ohun kan ṣoṣo ni Dirẹ́tọ̀ ń wá láyé. Àga Sokodé ni. Ọ̀gá tó wà lórí àga yẹn, tó ń darí gbogbo Tchamba àti àyíká rẹ̀, ti fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Iléyá. Dirẹ́tọ̀ ti mọ irú kọ́tìnì tí yóò ta sí fèrèsé birò náà. Ó ti mọ bí yóò ṣe máa jókòó níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì. Ohun tó kù ni kí àwọn ará Sokodé mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé.

"Sàká," ó ní fún akọ̀wé rẹ̀, "kí ni àwọn ọlọ́lá ní tí èmi kò ní?"

"Kò sí, Dirẹ́tọ̀ Àgbà."

"Ó wà. Wọ́n lókìkí. Èmi, ọlá ni mo ní, kò sí òkìkí."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán," ni Sàká wí. Èsì tí Sàká máa ń fún un nìyẹn sí ohun gbogbo. Bí Dirẹ́tọ̀ bá sín, Sàká á ní ó ti sọ ọ́ tán.

Láti wá òkìkí ni Dirẹ́tọ̀ fi ronú kan ọ̀rọ̀ àkùkọ. Ó ní àwọn àkùkọ pupa ńláńlá kan nínú àgbàlá ilé rẹ̀ ní Tchamba. Ó wò wọ́n, wọ́n wò ó, ọgbọ́n kan sì wọlé sí i lórí. Òun kò lè wà ní gbogbo oko adìyẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹrẹfẹ́, olórí agbègbè, ní àwọn tó ń ṣojú rẹ̀. Mínísítà ní tirẹ̀. Kí ló dé tí òun kò ní í ní?

Báyìí ni Dirẹ́tọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín àkùkọ. Ó so ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń gbé wọn káàkiri: Kambolé, Goubi, Koussountou. Oko tó bá dé, yóò fi ọ̀kan lé olóko lọ́wọ́. Aṣojú Dirẹ́tọ̀ nìyẹn. Àárín àwọn adìyẹ yòókù ni kó máa gbé, kó lè máa ṣọ́ wọn. Òun ni kó máa kọ́kọ́ jẹun. Láràárọ̀ ni kí olóko máa kí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sè é, bí àlejò tilẹ̀ dé láti Mẹ́kà.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Ní Kambolé, lójú ọ̀nà Koussountou, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bìlálì. Àgbébọ̀ tó ń yé ẹyin ló ń sìn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òròmọdìyẹ tuntun kún wọn. Dirẹ́tọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, ó gbé àkùkọ jáde bí ẹni gbé ọmọ ọba.

"Ìyá Bìlálì, kúnlẹ̀ kí o gbà á."

"Dirẹ́tọ̀, ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé adìyẹ ni mo máa kúnlẹ̀ fún?"

"Kì í ṣe adìyẹ. Èmi ni."

Ìyá Bìlálì wo àkùkọ, ó wo Dirẹ́tọ̀, ó tún wo àkùkọ. "Lóòótọ́, ó jọ yín," ó ní. "Pàápàá láti ẹ̀yìn."

Sàká wúkọ́. Dirẹ́tọ̀ mi orí, ó gbà pé wọ́n yin òun. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gba àkùkọ, torí bí kò bá gbà á, kò ní rí ìwé àṣẹ tó fi ń ta ẹyin ní ọjà Tchamba. Láràárọ̀ ni ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, tó ń ní, "Aṣojú, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àkùkọ á wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á yàgbẹ́ sínú omi táwọn yòókù ń mu, á rìn lọ. Ará ilé ń fi fóònù pọ́tábù ya fídíò rẹ̀.

Kò pẹ́, kò jìnnà, ìdí àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Òròmọdìyẹ ń jẹ, kò dàgbà. Ìyẹ́ wọn rí bí irun ẹni tó jí láìyarun. Àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìyá Bìlálì gun zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, ó di Tchamba, ó wọ birò Dirẹ́tọ̀.

"Dirẹ́tọ̀, adìyẹ mi ń yàgbẹ́ gbuuru."

"Láti ọwọ́ ta?"

"Ẹ̀n?"

"Ta ló fún wọn láṣẹ?"

Ìyá Bìlálì wo Sàká, Sàká wo fáànù. "Dirẹ́tọ̀, inú ń run wọ́n ni. Wọ́n ń kú. Aṣojú yín nìkan ni ara rẹ̀ le."

Ojú Dirẹ́tọ̀ tàn. Ó dìde, ó rìn dé ibi àwòrán ara rẹ̀. "O gbọ́, Sàká? Gbogbo wọn dùbúlẹ̀, aṣojú mi dúró. Ẹ̀jẹ̀ aṣáájú nìyẹn. Ohun tó ń ṣe adìyẹ Ìyá Bìlálì kì í ṣe àìsàn. Àìrí àpẹẹrẹ rere tó ni. Fi àkùkọ kejì kún un fún un."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán," ni Sàká wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún gbogbo oko. Ẹni tó bá wá sọ pé adìyẹ òun ń ṣu omi, àkùkọ kejì ni yóò gbé lọ sílé. Ẹni tó bá tún padà wá, ẹ̀kẹta. Ní Goubi, ọ̀rọ̀ náà le débi pé Dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn adìyẹ sọ̀rọ̀. Faransé ló fi bá wọn sọ ọ́, ó ní adìyẹ òyìnbó ni wọ́n, kò sí bí wọn kò ṣe ní gbọ́ èdè ilé wọn. Ó dúró sórí bẹ́ńṣì nínú oòrùn, ó ka ìwé gígùn kan fún wọn. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru kò bá ètò ìjọba mu. Ó ní orílẹ̀-èdè ń wojú wọn. Àgbébọ̀ kan rìn wá síwájú, ó tẹ orí, ó ṣẹ́ ojú, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe sí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì. Sàká pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹkún ayọ̀ ni.

Ìgbà tọ́rọ̀ wá dé báyìí ni Bàṣírátù dé. Ọmọ Kambolé lòun náà, àmọ́ Lomé ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú lábò kan tí wọ́n ti ń wá ohun tó ń bá ẹran ọ̀sìn jà. Ó gbé àpótí oníyìnyín kan dání, àti àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú wé lórí. Ó ń ti òwú yẹn bọ adìyẹ nídìí, ó ń yọ ọ́, ó ń fi í sínú ìgò kékeré. Ó ṣàlàyé fún àwọn olóko pé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní fírúsì, lè máa gbé inú ìfun adìyẹ. Bí àwọn bá dé lábò, àwọn á wá a rí, àwọn á sì ka àbùdá rẹ̀, ìyẹn ohun tó jogún lọ́dọ̀ àwọn tó bí i, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́ àti ibi tó ti wá.

"Tèmi ni kí o kọ́kọ́ mú," ni Dirẹ́tọ̀ wí.

"Tiyín, Dirẹ́tọ̀?"

"Ti àwọn àkùkọ àgbàlá mi. Kí Lomé rí bí inú adìyẹ tó yè kooro ṣe ń rí."

Bàṣírátù mú un. Ó mú ti gbogbo oko yòókù pẹ̀lú, ó lọ.

Nígbà tó fi máa pè padà, Dirẹ́tọ̀ ti gbàgbé pé ó wá. Ó fi pọ́tábù sí ohùn òkè kí Sàká lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òun láti Lomé.

"Dirẹ́tọ̀, ẹ kú iṣẹ́. A ti rí fírúsì náà. Ó ṣàjèjì. Àbùdá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo èyí tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀."

"Ìyẹn ni pé tuntun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. A kò tíì rí ẹni tó mọ irú rẹ̀."

"Ní Tchamba mi?"

"Ní Tchamba, Dirẹ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa ibi tó ti..."

Dirẹ́tọ̀ kò gbọ́ èyí tó kù. Ó ti dìde dúró. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ ìlú àti nọ́ńbà la máa ń fi sí i."

"Nọ́ńbà? Kí ọmọ máa jẹ́ nọ́ńbà?"

"Kì í ṣe ọmọ, Dirẹ́tọ̀. Fírúsì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ni."

"Ọlọ́run ló ń fúnni," ni Dirẹ́tọ̀ wí. "Ọláyíwọlá ni kí ẹ sọ ọ́."

Bàṣírátù bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe irú nǹkan téèyàn ń fẹ́ kó jẹ́ orúkọ òun. Dirẹ́tọ̀ ní ó yé òun, Bàṣírátù ló fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ní bí kò bá ti sí Ọláyíwọlá níbẹ̀, òun kò ní fọwọ́ sí ìwé tí yóò fi padà wọ àwọn oko náà wá tọ́jú adìyẹ. Bàṣírátù wo àwọn ìgò kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń ronú nípa àwọn òròmọdìyẹ tó ń kú.

"Ó dáa," ó ní. "A ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Inú Dirẹ́tọ̀ dùn débi pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé nìkan. Ó ní àfi kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọmọ. Ó dá ọjọ́. Ó pa àgbò. Ó pe Ààfáà Àbdùlàhí láti Kambolé. Ó pe gbogbo olóko. Paríparí rẹ̀, ó pe Ọ̀gá Akíntúndé láti Sokodé, ẹni tó wà nídìí yíyan ẹni tó máa jókòó sí àga náà. Ọ̀gá Akíntúndé dé, wọ́n fi àkùkọ kan tó so ríbọ́ọ̀nù lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó gbé e lọ sílé ní Sokodé.

Nísinsìnyí, fírúsì kò ṣeé rí. Báwo lẹ ṣe máa gbé e jáde fún àwọn èèyàn? Dirẹ́tọ̀ mú ìgò kékeré kan, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ìrọ̀rí, ó gbé e sí i. Ó ní kí Sàká máa fẹ́ ẹ.

"Kò sí nǹkan kan nínú ìgò yẹn o," ni Bàṣírátù sọ fún un létí.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Sàká, rọra fẹ́ ẹ, kó má tutù jù."

Ààfáà Àbdùlàhí, àgbàlagbà tí kì í yára, jókòó síwájú ìgò. Ó wò ó. "Dirẹ́tọ̀, àdúà wo lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń ṣe fún ọmọ tuntun."

"Èyí tí mo máa ń ṣe ni pé kí Áláhù dá a sí, kó dàgbà, kó bí sí i, kó kárí ayé."

"Ẹ ṣe é, Ààfáà."

Ìyá Bìlálì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ààfáà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe é."

"Tèmi ló kù díẹ̀ kó tán," ni ará Goubi kan wí. "Bó bá tún dàgbà, kí ló fẹ́ jẹ?"

Ààfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Kí Áláhù jẹ́ kí olúkúlùkù dé ibi tó tọ́ sí i."

Àmín tí wọ́n ṣe sí i, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Dirẹ́tọ̀ rò pé tòun ni. Ó yí sí Ọ̀gá Akíntúndé, ó rẹ́rìn-ín àga Sokodé. Lẹ́yìn náà ló pe Bàṣírátù síwájú.

"Ọmọ mi, sọ fún Ọ̀gá ibi tí wọ́n ti bí Ọláyíwọlá kékeré."

"Dirẹ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ birò. Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí fóònù níjọ́sí nìyẹn."

"Kí ló dé? Níwájú gbogbo ayé ni."

"Ó máa dáa ká wọlé."

"Mo ní níwájú gbogbo ayé."

Bàṣírátù mí kanlẹ̀. Ó ní bí fírúsì bá ti ń bí ara rẹ̀, ohun kékeré máa ń yí padà lára àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá to àbùdá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wọ́n á mọ èyí tó jẹ́ baba, wọ́n á mọ èyí tó jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Èyí tó wà ní Kambolé, èyí tó wà ní Goubi, èyí tó wà ní Koussountou, ọmọ ni gbogbo wọn.

"Ta wá ni baba?" ni Dirẹ́tọ̀ bi í. Ó ti tún fìlà ṣe, ó ti kọjú sí àwọn tó ń ya fọ́tò.

"Èyí tó wà nínú àwọn àkùkọ àgbàlá yín. Ibẹ̀ ló ti jáde. Kì í pa àwọn àkùkọ yín lára, ó kàn ń gbé inú wọn ni. Àwọn aṣojú ló gbé e dé oko gbogbo."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èyí, ó ti yé yín. Kò yé Dirẹ́tọ̀. Ó ṣí apá méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbọ́ fúnra yín. Ilé mi ni. Láti ilé mi ló ti jáde lọ sí gbogbo ayé. Èmi ni baba rẹ̀." Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Sàká gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, ó wo ojú àwọn èèyàn, ó rọra gbé e sílẹ̀.

Ìyá Bìlálì dìde.

"Dirẹ́tọ̀, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ? Ohun tó pa adìyẹ mi, ẹ̀yin lẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Mo wá sọ́dọ̀ yín pé wọ́n ń kú, ẹ tún fún mi ní ọ̀kan sí i. Láràárọ̀ ni mò ń dúró kí i. Mo ń bi í pé ṣé ó sùn dáadáa."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan tún ọ̀rọ̀ náà sọ, "Ó ní ṣé ó sùn dáadáa," ó sì di ariwo. Ẹ̀rín mìíràn wà tí ìbínú wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Akíntúndé wo àkùkọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi orí bàtà tì í díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé abẹ́ àga ẹlòmíràn. Ó dìde, ó ní òun ní ìpàdé. Dirẹ́tọ̀ sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọkọ̀.

"Ọ̀gá, àga yẹn ńkọ́?"

"Ẹ fọ ọwọ́ yín," ni Ọ̀gá wí, ó ti ilẹ̀kùn.

Pọ́tábù pọ̀ níbẹ̀. Kí oúnjẹ tó tán, fídíò "Èmi ni baba rẹ̀" ti dé Kambolé, ó ti kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ti padà. Bàṣírátù kò dúró wo ìyẹn. Ìwé tó fi ń wọ oko ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ láti oko dé oko: kí wọ́n yọ àkùkọ kúrò láàárín àwọn yòókù, kí wọ́n pààrọ̀ omi, kí wọ́n gbá ìgbẹ́ dànù, kí wọ́n da ẹfun sílẹ̀, kí ẹni tó bá ti oko kan bọ̀ pààrọ̀ bàtà. Òròmọdìyẹ Ìyá Bìlálì tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ṣùgbọ́n àìsàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ téèyàn máa fi pè é, èyí sì ti ní orúkọ. "Báwo ni tìrẹ?" "Ọláyíwọlá kò jẹ́ kí n gbádùn." "Tèmi ti lọ, a ti gbá a dànù." Dirẹ́tọ̀ gbọ́ ọ ní ọjà, ó gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó pe Bàṣírátù.

"Yọ orúkọ mi kúrò."

"Ó ti wọlé, Dirẹ́tọ̀. Àwọn lábò ilẹ̀ òkèèrè ti ń kà á. Kò ṣeé yọ mọ́."

"Fi ti Sàká sí i."

Sàká ń bẹ níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, kò sọ pé Dirẹ́tọ̀ ti sọ ọ́ tán. Ó ní, "Dirẹ́tọ̀, mo láya nílé, mo lọ́mọ."

Iléyá kọjá. Wọn kò tíì kéde ẹni tó gba àga. Dirẹ́tọ̀ ní bí òun bá lè fojú kan Ọ̀gá Akíntúndé, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Wọ́n ti gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà takisí ló wọ̀ dé Sokodé, ó sì gun zẹ́míjàn kọjá àdúgbò Komah. Níbi tí wọ́n ti dúró kí àwọn màlúù kọjá, rédíò kan ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Èdè Kọ̀tòkòlí ni wọ́n ń sọ, kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pè é dáadáa, pẹ̀lú ohùn tó tọ́. Ọláyíwọlá. Wọ́n tún sọ ọ́ ní Faransé, pé kí onílé kọ̀ọ̀kan ṣọ́ra kó má wọ àgbàlá wọn.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọ́ bó ṣe kí òun ní Faransé, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá dá a lóhùn. Ọmọ Koussountou ni, Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọpọ́n omi funfun kan tó ń rùn bí oògùn wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi yìí kí ẹ tó wọlé. Gbogbo ẹni tó bá ti Tchamba wá ni. Tìtorí Ọláyíwọlá ni."

Dirẹ́tọ̀ wo omi náà. Ó tún ìlọ́po agbádá rẹ̀ ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó gbé èkejì bọ̀ ọ́. Ó tutù dé kókósẹ̀.

"Ta ni kí n sọ pé ó wá?" ni Jímọ̀ bi í.

Ẹnu Dirẹ́tọ̀ ṣí. Gbogbo orúkọ oyè rẹ̀ ti tò sí ẹ̀yìn eyín, Baba Adìyẹ, Alábòójútó Ẹyin àti Ìyẹ́. Ó wo ojú ọ̀dọ́kùnrin náà, ó wo ọpọ́n omi náà.

"Sọ fún wọn pé ẹnì kan ni," ó ní.

"Ẹnì kan láti ibo?"

Ó ronú díẹ̀.

"Láti ọ̀nà jíjìn."

Jímọ̀ yà fún un. "Ẹ wọlé, Bàbá. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, bẹ́ńṣì ni, kò sí àga."